Google Alerts, àpótí ìwádìí X àti F5Bot: èwo ló ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá dárúkọ yín?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ ohun tí aráyé ń sọ nípa àwọn ilé iṣẹ́ tó gbà mí. Ta ló ń yìn wọ́n, ta ló ń bú wọn, ta ló ra ọjà wọn tí ọjà náà kò ṣiṣẹ́, ta ló ń fi orúkọ wọn lu ẹlòmíràn ní jìbìtì. Ẹni tó bá gbọ́ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé irinṣẹ́ wo ni kí òun rà. Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ nínú: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Google Alerts wà, àpótí ìwádìí orí X (Twitter àtijọ́) wà, F5Bot tó ń ṣọ́ Reddit náà wà, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò dọ́gba o. Ọ̀kan dára gan-an, ọ̀kan dára fún ohun tí wọ́n dá a fún, ọ̀kan sì wà tí àwọn ènìyàn ń di ẹrù tí kò lè gbé lé lórí. N ó sọ ibi tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, n ó sì sọ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí mò ń tẹ̀ sínú wọn, torí pé inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká fi Jaguar ṣe àpẹẹrẹ. N kò bá wọn ṣiṣẹ́ rí, àmọ́ òun ni mo máa ń fi kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ yìí, torí pé orúkọ náà kún fún ìyọnu. Mọ́tò kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ Jaguar. Ẹranko ń jẹ́ ẹ, èyí tí àwọn tó ń ya fọ́tò ẹranko igbó máa ń lọ wá ní Pantanal ní Brazil, tí wọn kì í sì í yé gbé àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára. Ẹgbẹ́ kan ní Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, ti ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nínú líìgì NFL pẹ̀lú orúkọ Jaguars láti 1995. Gìtá Fender kan ti ń jẹ́ ẹ láti 1962, àwọn tó ń ta á sì ń kọ nípa rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Atari ṣe ẹ̀rọ géèmù kan jáde ní 1993, Jaguar ni wọ́n sọ ọ́. Orúkọ yẹn náà ni Apple fún Mac OS X 10.2, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Mac, ní 2002. Bàálù ogun kan tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ṣe tún wà níbẹ̀. Ẹ tẹ jaguar lásán sínú àpótí ìwádìí èyíkéyìí, gbogbo wọn á jọ rọ́ dé.

Google Alerts ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló pẹ́ jù. Ó ti wà láti 2003. Ẹ lọ sí google.com/alerts, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ máa ṣọ́, bí Google bá sì ti rí ọ̀rọ̀ náà lójú ewé tuntun kan, ímeèlì á wọlé. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló ti ń fi irú nǹkan tí yóò máa kó wá hàn yín nísàlẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, torí ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹranko ló ń bọ̀ tàbí mọ́tò kí ẹ tó fi pamọ́. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Show options. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ lè ní kó máa dé bí nǹkan bá ṣe ń ṣẹlẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, tàbí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ lè yan èdè, ẹ lè yan orílẹ̀-èdè. Àmọ́ èyí tí kò yẹ kí ẹ fò dá ni How many. Only the best results ni ẹ máa bá níbẹ̀, ìtumọ̀ ìyẹn sì ni pé Google ni yóò máa bá yín pinnu èyí tó dára. Ẹni tó ń wá ẹ̀sùn kò wá èyí tó dára. Ojú ewé kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni ẹ̀sùn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí i sí All results. Bí ohun tó ń wọlé bá wá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ìwádìí yín ni kí ẹ tún kọ, ẹ má yí i padà.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ kò le. Àmì àyọlò ni kí ẹ fi ká gbólóhùn tí ẹ kò fẹ́ kó tú ká, bíi "Jaguar I-Pace", orúkọ ọ̀kan nínú mọ́tò wọn. OR gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà ńlá. Tí ẹ bá fi kékeré kọ ọ́, Google á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Àmì ìyọkúrò gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń yọ kúrò, -zoo ni, kò gbọdọ̀ sí àlàfo láàárín. Kí ẹ sì rántí yọ ojú òpó ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, -site:jaguar.com, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpolówó tí wọ́n fúnra wọn kọ ni yóò máa padà wá bá wọn gẹ́gẹ́ bí ìròyìn, ọ̀gá á sì máa rò pé gbogbo ayé ló ń yin àwọn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣi Google Alerts mú ni pé wọ́n ń pè é ní irinṣẹ́ sọ́ṣíà mídíà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Google kò bá kó sínú àkójọ rẹ̀, Alerts kò lè rí i, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n ń sọ lórí Facebook, Instagram àti X kì í sì í dé inú àkójọ yẹn. Ìwé ìròyìn, búlọ́ọ̀gù, ojú ewé àwọn tó ń yẹ ọjà wò, níbẹ̀ ló ti wúlò. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kú sójú títì tó wá bọ́ sórí X láti ké, ẹ má retí pé ímeèlì Alerts ni yóò sọ fún yín. Ohun kan tí mo tún fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé ẹ lè ní kó máa wá nípasẹ̀ RSS, ìyẹn ọ̀nà tí ohun tuntun ń gbà wọlé fúnra rẹ̀ sínú ètò tí ẹ fi ń kà á, dípò ímeèlì. Wọ́n mú ìyẹn kúrò ní 2013, ọdún tí wọ́n pa Google Reader tí ọ̀pọ̀ fi ń ka RSS, wọ́n sì tún dá a padà kí ọdún náà tó parí. Èmi kì í gba tèmi lórí ímeèlì rárá. Àpótí ímeèlì tó kún kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ka nǹkan, ibi tí ènìyàn ti ń pa nǹkan rẹ́ ni.

X wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bínú kúrò níbẹ̀, àmọ́ tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àpótí ìwádìí nìkan, kò sí ojú òpó ńlá mìíràn tó fún ará ìta ní irú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kàn ní àkántì ni. Àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì túmọ̀ sí pé kí méjèèjì wà níbẹ̀. OR àti àmì ìyọkúrò ń ṣiṣẹ́ bíi ti Google. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó jẹ́ tirẹ̀: from: fún ohun tí ẹnì kan kọ, to: fún ohun tí wọ́n kọ sí i, since: àti until: fún ọjọ́, lang: fún èdè, filter:links fún èyí tó ní líǹkì nínú. Ẹni tí kò bá fẹ́ há wọn sórí, ojú ewé kan wà ní x.com/search-advanced tí wọ́n ti ya àpótí sí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè fi ìwádìí pamọ́ síbẹ̀, 25 ni àkántì kan lè ní, ìyẹn sì tó.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ ti Jaguar. Mo máa ń tẹ jaguar nìkan, kí n lè rí bí omi náà ṣe jìn tó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Sunday láàárín September sí January, ó tán, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi -Jacksonville kún un, mo fi -NFL kún un, mo fi -touchdown kún un. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní igbe kan tí wọ́n mú lára orúkọ àgbègbè Duval, DUUUVAL, olúkúlùkù ló sì ní iye U tí inú rẹ̀ fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ fi àmì ìyọkúrò mú gbogbo ìyẹn. Mo máa ń yọ èyí tó ní U mẹ́ta, torí òun ló wà nínú hashtag ẹgbẹ́ náà fúnra wọn, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni -Atari, -Fender, -Pantanal.

Jags ńkọ́? Ibí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti máa ń sáré. Jags ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà, wọ́n á sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò kíá. Àmọ́ àwọn tó ní mọ́tò náà ń pè é ní Jag, ẹni tó bá sì ní méjì á kọ Jags. Àmì ìyọkúrò kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ní ohun tí ẹ yọ nínú ló ń gbé lọ, ì báà jẹ́ pé ìyókù ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀sùn tó tóbi jù lọ lọ́sẹ̀ yẹn. -NFL pàápàá ní ewu tirẹ̀: ẹni tó rí ìpolówó mọ́tò náà nígbà tó ń wo bọ́ọ̀lù, tó sì kọ nǹkan nípa rẹ̀, ti bá a lọ. Nítorí náà, ìdánwò tí mo máa ń ṣe fún ọ̀rọ̀ tí mo bá fẹ́ yọ ni pé mo máa ń kọ́kọ́ wá a pọ̀ mọ́ orúkọ náà láìyọ ọ́, jaguar NFL, kí n lè rí ohun tí mo fẹ́ jù nù lójú ara mi. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, ó lọ. Bí mọ́tò bá ń yọjú láàárín rẹ̀ lemọ́lemọ́, mo fi sílẹ̀.

Dípò kí n máa bá Jags jà, ìwádìí kejì ni mo máa ń ṣí. "my jag" OR "my jaguar". Ẹ wò ó dáadáa. Akọ̀ròyìn kì í kọ my jaguar, ilé iṣẹ́ kì í kọ ọ́, àwọn tó ń ya fọ́tò ẹranko kì í sì í kọ ọ́ bí orí wọn bá pé. Ẹni tó ni mọ́tò ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ìwádìí kékeré yìí nìkan ń kó ohun tí oníbàárà ń fojú rí wá ju gbogbo gbólóhùn gígùn tí mo lè fi ọgbọ́n hun lọ. Bí ẹ bá wá fẹ́ èyí tó ń ráhùn nínú wọn, ẹ fi warning OR "won't start" OR dealer kún un, kí ẹ sì fi àkámọ́ ká apá kọ̀ọ̀kan tó ní OR kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ra. Ẹni tí kò bá fi àkámọ́ sí i yóò kàn máa rí gbogbo ẹni tó kọ dealer ní gbogbo ayé.

Àwọn tó mọ àṣírí díẹ̀ nínú X máa ń fi min_faves: sí ìwádìí wọn, kó lè jẹ́ pé èyí tí ènìyàn púpọ̀ fẹ́ràn nìkan ni wọn yóò máa rí. Ó wúlò fún akọ̀ròyìn tó ń wá ohun tó ń jà ràn-ìn. Fún ẹni tó ń ṣọ́ orúkọ ọjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ní ọmọlẹ́yìn mẹ́jọ, tí bíréèkì mọ́tò rẹ̀ kò mú, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun sì ni ẹni tí ẹ ń wá. lang: náà, ẹ fi sùúrù lò ó. Ọ̀rọ̀ kúkúrú, tàbí èyí tí ènìyàn lú èdè méjì pọ̀ nínú rẹ̀, kì í rọrùn fún ẹ̀rọ láti mọ èdè tó jẹ́, àwọn tí inú ń bí kì í sì í kọ ọ̀rọ̀ gígùn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ náà kọ́ ni ẹ ó kọ, bí aráyé ṣe ń kọ ọ́ ni. I-Pace wà, IPace wà, I Pace wà. Jagwar àti Jagaur wà. Èdè tó bá ní àmì orí bíi tiwa yìí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sí i rárá, àwọn tó sì ń fi sí i, oríṣiríṣi ọ̀nà ni bọ́tìnì wọn ń gbà to àmì náà. Orúkọ kan náà lójú ènìyàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ èyí tó ní àmì, ẹ kọ èyí tí kò ní, ẹ fi OR là wọ́n.

TweetDeck kò gbọdọ̀ kọjá láìjẹ́ pé mo dárúkọ rẹ̀. Láti 2008 ló ti wà, Twitter rà á ní 2011, ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí nígbà náà á rántí àwọn òpó tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwádìí kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣàn lọ fúnra wọn. Ní 2023 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí X Pro, wọ́n sì sọ ọ́ di ti ẹni tó bá ń sanwó. Ó ṣì dára. Bí ẹ bá ń ṣọ́ orúkọ kan ṣoṣo, ìwádìí tí ẹ fi pamọ́ ti tó yín; ẹni tó ń ṣọ́ orúkọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló lè ro ti òpó wọ̀nyẹn.

F5Bot kò ní ẹwà kankan, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ímeèlì yín àti ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ̀rọ̀ náà lórí Reddit, tàbí lórí Hacker News àti Lobsters tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń sọ̀rọ̀, ó ń kọ̀wé sí yín. Ó tán. Fún orúkọ bíi Jaguar, òfo ni, ẹ má dán an wò. Ímeèlì á bò yín mọ́lẹ̀. Àmọ́ fún orúkọ tó dá yàtọ̀, tí kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ ẹ, òun ni mo kọ́kọ́ ń ṣí, torí pé orí Reddit ni àwọn ènìyàn ti ń fi ara balẹ̀ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. I-Pace ni kí ẹ fún un, kì í ṣe Jaguar.

Àwọn ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dé pọ̀ o. Ohun tí ẹnì kan kọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan lórí Facebook, kò sí irinṣẹ́ tó yẹ kó rí i, ẹni tó bá sì ní tòun ń rí i, ẹ sá fún un. Ti WhatsApp kò tiẹ̀ wáyé. CrowdTangle, tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn fi ń ṣọ́ ojú ewé gbangba lórí Facebook àti Instagram, Meta tó ni méjèèjì tì í pa ní August 2024. Lórí Instagram, ọ̀nà tí Meta ṣí fún àwọn olùṣe irinṣẹ́ kò gba ju hashtag 30 lọ fún àkántì kan láàárín ọjọ́ méje. Nínú àwọn ojú òpó tó jọ X, Mastodon kì í wá inú ọ̀rọ̀ ẹni tí kò bá fúnra rẹ̀ gbà pé kí wọ́n máa wá òun. Bluesky nìkan ló ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, ẹnikẹ́ni tó bá mọ kóòdù kọ lè máa gba gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé jáde níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Irinṣẹ́ olówó wá ńkọ́? Láti 2023 ni owó wọn ti ní ìtumọ̀ mìíràn: ọdún yẹn ni Twitter fòpin sí ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń gbà fa ọ̀rọ̀ jáde, Reddit náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó ní July. Àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ń sanwó, ẹ̀yin náà á san tiyín. Ohun gidi kan wà tí ẹ ó rí gbà níbẹ̀, ìyẹn ni NEAR. Ẹ lè sọ fún Brandwatch tàbí Talkwalker pé ẹ fẹ́ jaguar tí brake kò jìnnà sí i ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Mo ń jowú rẹ̀ nígbà tí mo bá padà sórí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń polówó jù ni èyí tó ń sọ fún yín bóyá inú ẹni tó kọ̀wé dùn tàbí ó bàjẹ́, èyí ni n kò fọkàn tán. Irinṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ gba ọ̀rọ̀ oníbàárà kan tó ní, "Ẹ ṣeun púpọ̀, àpótí yín dé láìsí ibi tó fi ya, òfìfo ló sì wà nínú rẹ̀." Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ìyìn! Ó wọ inú àbọ̀ oṣù gẹ́gẹ́ bí ìyìn, bí kì í bá ṣe pé mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ì bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá.

Bí mo bá wá to wọn, àpótí ìwádìí X ló ṣíwájú, bí ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ bá ti ní àròjinlẹ̀. F5Bot tẹ̀lé e fún orúkọ tó dá yàtọ̀. Google Alerts ni kẹta, fún ìwé ìròyìn àti búlọ́ọ̀gù nìkan. Irinṣẹ́ olówó, ó di ìgbà tí ẹ bá ti ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kà á.

Ohun kan wà tí irinṣẹ́ kankan kò ní bá yín ṣe. Ìwádìí tóóró tí mo kọ fún Jaguar yẹn, tó ń béèrè dealer, warning àti won't start, ó gbà pé ọ̀rọ̀ mọ́tò ni àwọn ènìyàn ń sọ. Ní November 2024, Jaguar gbé àmì orúkọ tuntun jáde pẹ̀lú fídíò ìpolówó kan tí mọ́tò kankan kò sí nínú rẹ̀. Ariwo sọ, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú wọn tó kọ dealer tàbí won't start. Ẹni tí ìwádìí tóóró nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò rí ọjọ́ tó pa rọ́rọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń tọ́jú èyí tó gbòòrò pamọ́, jaguar pẹ̀lú ìyọkúrò díẹ̀, tí mo sì ń ṣí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. N kì í ka gbogbo rẹ̀. Mo máa ń yí i wò díẹ̀, mo ń wá ọ̀rọ̀ tó ń jáde léraléra tí kò sí nínú ti tóóró, bí mo bá sì rí i, mo fi OR gbé e wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lóṣù yẹn, logo, advert àti rebrand ni ì bá jẹ́.